Lẹ́tà tí obìnrin kan ní kí n bá òun kà

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ hàn sí mi pé iṣẹ́ lóòyà tí mò ń ṣe ń kan àwọn èèyàn tí mi ò fojú rí rí, kì í ṣe inú kóòtù ni mo wà o. Iwájú ọ́fíìsì wa ni. Mo ń jáde lọ jẹun ọ̀sán, mo bá obìnrin kan lórí àga tí àwọn àlejò máa ń jókòó sí, ó gbé báàgì ọ̀rá lé itan, ó mú ìwé kan dání tó jọ pé ó ti ká, ó ti tú, ó tún ti ká a, títí ojú ibi tó ń ká a fi fẹ́ẹ́ já. Ó kí mi, mo dáhùn. Ó ní "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè bá mi ka ìwé yìí? Wọ́n ní ibí ló ti wá. Ẹni tó bá mi kà á nílé ní òun náà ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ." Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ ọ́fíìsì wa ló wà lókè. Mo wo ìsàlẹ̀, sáìnì èmi fúnra mi ni mo rí.

Ká ní ilẹ̀ lanu lọ́jọ́ yẹn, mà á kó sí i. Lẹ́tà gbèsè ni. Kọ́ńpìnnì kan tó ń yáni lówó ló gbé iṣẹ́ fún wa (mi ò ní dárúkọ, mo sì ti yí gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni fi lè mọ̀ ọ́n padà, torí àṣírí oníbàárà ò ní ọjọ́ tó ń tán), iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kọ lẹ́tà sí àwọn tó jẹ wọ́n. Kí n má purọ́, mi ò tiẹ̀ kọ ọ́, lẹ́tà yẹn ti wà nínú kọ̀ǹpútà kí n tó débẹ̀, mo kàn ń pààrọ̀ orúkọ, àdírẹ́sì àti iye owó ni, mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo sáìnì, ó tán. Lọ́sẹ̀ yẹn nìkan mo ti sáìnì bí ogójì. Gbólóhùn àkọ́kọ́ gùn tó ìlà mẹ́fà láìsí àmì ìdúró kankan, èdè lóòyà ló kún inú ẹ̀, forthwith wà níbẹ̀, without prejudice wà níbẹ̀. Ibi tó wúlò fún obìnrin yìí jù, ìyẹn ibi tí a ti sọ pé ó ní ọjọ́ mẹ́rìnlá tó fi lè kọ̀wé pé iye owó yẹn ò rí bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá la tì í sí, lẹ́tà rẹ̀ sì rí wínníwínní.

Mo kọ́kọ́ sọ fún un pé èmi gan-an ni lóòyà àwọn tó ń bá a fa ọ̀rọ̀ yìí. Òfin iṣẹ́ wa nìyẹn, o ò lè máa ṣojú ayé sí ẹni tí oníbàárà rẹ ń bá jà kó wá máa rò pé o ń gba òun nímọ̀ràn. Mo ní mo lè sọ ohun tó wà nínú ìwé, mi ò lè sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. Ó ní kò burú. Mo wá sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀: wọ́n ní ẹ jẹ wọ́n lówó báyìí, wọ́n ní kí ẹ san án, tí ẹ bá rí i pé owó yẹn ti pọ̀ jù, ẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì láti fi kọ̀wé sí wọn. Ó wò mí. "Ṣé gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. "Kí ló wá dé tí wọn ò kọ ọ́ báyẹn?"

Mi ò rí èsì fún un. Mi ò tíì rí i dòní.

Ó ṣí báàgì ọ̀rá, ó kó rìsíìtì jáde, ó fi rọ́bà dì wọ́n, ó tò wọ́n ní oṣù oṣù. Kò pẹ́ sanwó rí. Mo ní tiwọn lọ́hùn-ún ń sọ pé ó pẹ́ ní ìgbà méje. Mo wo déètì ara rìsíìtì dáadáa, mi ò sọ nǹkan kan, mo kọ àdírẹ́sì ibi tí wọ́n ti ń ṣe lóòyà ọ̀fẹ́ sórí ìwé pélébé, mo ní kó kó gbogbo ẹ̀ lọ síbẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ó dúpẹ́ (ìyẹn ló dùn mí jù, ó dúpẹ́!), ó bá tiẹ̀ lọ. Mi ò lọ jẹun mọ́.

Ohun tí mo rí nínú fáìlì nígbà tí mo padà wọlé rèé. Ọjọ́ Ẹtì lobìnrin yẹn máa ń sanwó, ní báńkì, tó bá ṣíwọ́ iṣẹ́. Báńkì á lu òǹtẹ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kọ́ńpìnnì kì í ka owó tó bá wọlé ní òpin ọ̀sẹ̀, ó dọjọ́ Ajé, tí báńkì bá tún wá sinmi lọ́jọ́ Ajé, ó dọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kọ̀ǹpútà á ní obìnrin yìí ti pẹ́, á bu owó ìtanràn lé e, èlé á wá máa gorí owó ìtanràn yẹn, lóṣooṣù, lọ́dọọdún. Kò sẹ́ni tó jókòó pé òun fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Bí wọ́n ṣe tò ó sínú ẹ̀rọ ni. Ẹ sì mọ̀ pé obìnrin yẹn nìkan kọ́ ló ń sanwó lọ́jọ́ Ẹtì láyé.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá mi. Obìnrin ni, kì í gba ìranù. Ó kà á tán, ó ní "Ìwọ, ta ló ń san owó oṣù rẹ?" Mo ní àwọn ni mà. Ó dákẹ́. Ó tún un kà. Ó ní "Àwọn mélòó ló máa ń sanwó lọ́jọ́ Ẹtì?" Mo ní mi ò mọ̀ mà. Ó ní "Àwa ò mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù." Ó ní kí n jókòó kọ ìmọ̀ràn sí oníbàárà: pé àṣìṣe yìí kì í ṣe ti ẹnì kan, pé tí ọ̀kan péré nínú àwọn èèyàn yìí bá bọ́ sọ́wọ́ lóòyà olóríkunkun, kì í ṣe owó èèyàn kan ni wọ́n máa san, àti pé àwa ò lè gbé iye owó tí a ti mọ̀ pé kò tọ̀nà lọ síwájú adájọ́ mọ́, torí kóòtù la kọ́kọ́ búra fún.

Inú bí wọn. Wọ́n gbé lára iṣẹ́ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n wọ́n tún kọ̀ǹpútà ṣe, wọ́n sì yọ ìtanràn kúrò lọ́rùn àwọn tó ṣì ń san gbèsè. Àwọn tó ti san tán ńkọ́? Wọn ò wí fún wọn. Mo mọ̀, mi ò sì lè sọ. Mo ṣì máa ń rántí ẹ̀ lóru o.

Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni pé àwọn ọmọ tó ń kàwé lóòyà máa ń kọ̀wé sí mi, ohun kan náà ni wọ́n sì ń bèèrè: "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ ran ará ìlú lọ́wọ́, ṣé kí n má gbaṣẹ́ sí ọ́fíìsì ńlá ni?" Bí ẹni pé ìlẹ̀kùn méjì ló wà, wọ́n kọ owó sára ọ̀kan, wọ́n kọ àánú sára èkejì. Mi ò bu àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kù, iṣẹ́ wọn le, owó wọn kéré. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀rọ̀ ará ìlú kì í kọ orúkọ ara rẹ̀ sára fáìlì. Inú fáìlì ẹnì kan ló máa ń sá pamọ́ sí, ojú lóòyà ló kù tó máa rí i tàbí tí kò ní rí i.

Ẹ wo lóòyà kan tó ń jẹ́ Rob Bilott. Iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ń ṣe ní Cincinnati ní Amẹ́ríkà ni pé ó ń gbèjà àwọn kọ́ńpìnnì kẹ́míkà, àwọn gan-an ló ń san owó oṣù ẹ̀. Lọ́dún 1998 àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Wilbur Tennant pè é láti ẹ̀gbẹ́ Parkersburg ní West Virginia, ó ní màlúù òun ń kú lọ bẹẹrẹbẹ, pé omi tí wọ́n ń mu ń ti ibi tí kọ́ńpìnnì kẹ́míkà DuPont ń da ìdọ̀tí sí bọ̀. Tennant ò mọ lóòyà kankan, ìyá ìyá Bilott tó ti gbé àdúgbò yẹn rí ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ẹlòmíì á sọ pé ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ìhà kejì lèmi wà. Bilott gbà á. Ohun tó sì fi ṣiṣẹ́ yẹn ni ohun tó ti kọ́ lọ́dọ̀ àwọn kọ́ńpìnnì: ó mọ irú ìwé tí wọ́n máa ń ní, ó mọ ibi tí wọ́n ń kó o sí, nígbà tí kóòtù ní kí wọ́n kó ìwé wá ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ọ́fíìsì, ó ń to àpótí ìwé ní ọdún ọdún. Ibẹ̀ ló ti bá kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní PFOA pàdé, èyí tí wọ́n fi ń ṣe Teflon (ohun tí wọ́n ń fi bo inú páànù kí oúnjẹ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn), tí kọ́ńpìnnì ti ń yẹ̀ wò fúnra wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún tí wọn ò sì sọ fáwọn tó ń mu omi náà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí rèé. Ó lè parí ẹjọ́ màlúù kó máa lọ. Lóòótọ́ wọ́n parí ẹjọ́ Tennant lọ́dún 2001, ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn kan náà ó kọ lẹ́tà sí àjọ ìjọba tó ń rí sí àyíká, pẹ̀lú ẹ̀rí tó lé ní 900 ojú ìwé. Ó tún wá gbé ẹjọ́ dìde fún gbogbo àwọn tó ń mu omi àdúgbò yẹn. Nígbà tí wọ́n jọ fẹnu kò lọ́dún 2004, tí mílíọ̀nù 70 dọ́là wọlé, dípò kí wọ́n pín in kélékélé kó tán, wọ́n fi san 400 dọ́là fún ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ òun wò, nǹkan bí èèyàn 69,000 ló sì jáde. Ẹ ronú sí i, lóòyà ló ronú irú ẹ̀ o! Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan wo ẹ̀jẹ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tó fi máa di 2012 wọ́n ti sọ pé ó ṣeé ṣe kí kẹ́míkà yẹn lọ́wọ́ nínú àìsàn mẹ́fà. Lọ́dún 2017 wọ́n fi mílíọ̀nù 671 dọ́là parí ẹjọ́ tó lé ní 3,500. Ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́yìn ìpè orí fóònù. Inú ọ́fíìsì tó ń gbèjà àwọn kọ́ńpìnnì ló ti ṣe gbogbo ẹ̀, kò sá lọ síbì kankan.

Èyí tí mo tún fẹ́ràn ju ìyẹn lọ, torí kò sí owó rẹpẹtẹ nínú ẹ̀, ni ti Walter Leechman, lóòyà kan ní Glasgow ní Scotland. Gbogbo ẹni tó bá kàwé òfin ló mọ ẹjọ́ May Donoghue, obìnrin tó ní òun bá ìgbín tó ti jẹrà nínú ìgò ginger beer ní Paisley lọ́dún 1928. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún wa ní kíláàsì ni pé Leechman ti kọ́kọ́ gbé irú ẹjọ́ yẹn lọ kóòtù, eku ló wà nínú ìgò tìyẹn, wọ́n sì lu ú bolẹ̀ lóṣù Kẹta ọdún 1929. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, ó pe ẹjọ́ ìgbín. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Donoghue ò lówó, òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni, ó ní láti búra pé aláìní lòun kí wọ́n tó gbà kó gbé ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́ gíga jù láìfi owó dógò, àwọn lóòyà ẹ̀ ò gba kọ́bọ̀. Ní 1932 adájọ́ mẹ́ta gbè é, méjì ò gbè é. Látìgbà yẹn ló ti di pé ẹni tó bá ṣe ọjà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra nítorí ẹni tó máa lò ó, kódà tí kì í bá ṣe ọwọ́ ẹ̀ gan-an ló ti rà á. (Kò sẹ́ni tó tíì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé ìgbín kankan wà nínú ìgò o, torí wọ́n parí ẹjọ́ láàárín ara wọn kí wọ́n tó yẹ ọ̀rọ̀ ìgbín wò. Mo máa ń fi ìyẹn rẹ́rìn-ín.)

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí ibẹ̀ làwọn ọ̀dọ́ lóòyà tó láàánú lójú jù ti máa ń ṣì í ṣe. Oníbàárà kì í ṣe ẹṣin tí wàá gùn lọ síbi tí o fẹ́ lọ. Mo ní ọkùnrin kan rí tí ẹ̀rọ gé ní ìka níbi iṣẹ́, ẹ̀rọ yẹn sì ti gé ẹlòmíì ṣáájú ẹ̀. Wọ́n fẹ́ fún un lówó, owó tó dáa, wọ́n ní ṣùgbọ́n kó má sọ̀rọ̀ mọ́. Èmi ti ń rò ó pé tí a bá dé kóòtù gbogbo ayé á gbọ́ nípa ẹ̀rọ yẹn, wọ́n á yọ ọ́ dànù. Òun ń ronú owó ilé àtàwọn ọmọ. Owó ẹ̀ ni, ìka ẹ̀ ni, òun ló ni ìpinnu, òfin ò sì fi ìyẹn sọ́wọ́ lóòyà. Ohun tí mo lè ṣe ni pé mo mú bírò, mo fa igi lé ibi tí wọ́n kọ pé kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ fún àwọn aláyẹ̀wò ìjọba. Mo ní ẹ lè ra ẹnu ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníwèé ìròyìn, ẹ ò lè rà á lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀mí èèyàn. Wọ́n janpata díẹ̀, wọ́n gbà. Ìlà kan péré nínú ojú ìwé mọ́kànlá. Ó gba owó ẹ̀, ó tún lọ ròyìn fáwọn aláyẹ̀wò.

Irú ìlà kan péré yẹn ni mo rò pé ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa, kì í jáde nínú ìròyìn. Clarence Gideon, ọkùnrin tí wọ́n ní ó fọ́ ilé tí wọ́n ti ń gbá bílíádì ní Florida lọ́dún 1961, ó bẹ adájọ́ fún lóòyà, adájọ́ ní òfin ò gba òun láyè, ó dá ara ẹ̀ rò, ó jẹ ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Ó mú pẹ́ńsù nínú ẹ̀wọ̀n kọ̀wé sí kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1963 wọ́n ní ó tọ̀nà, ìjọba gbọ́dọ̀ wá lóòyà fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn tí kò bá lówó. Gbogbo èèyàn mọ Abe Fortas tó bá a rojọ́ níbẹ̀. Ta ló mọ Fred Turner? Òun ni lóòyà ìlú kékeré tó wá bá a ṣe ẹjọ́ náà lẹ́ẹ̀kejì. Ọkùnrin kan náà ni, ẹ̀sùn kan náà, kóòtù kan náà. Turner kàn lọ wo bí nǹkan ṣe rí, ó bi ẹlẹ́rìí tó ní òun rí Gideon láwọn ìbéèrè tí Gideon ò mọ bí a ṣe ń bi í, nǹkan bíi wákàtí kan làwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́ náà fi jókòó, wọ́n ní kó máa lọ ilé. Fortas ló ṣí ilẹ̀kùn, Turner ló mú ọkùnrin náà gba ibẹ̀ jáde.

Gani Fawẹ̀hìnmi náà, ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́ ni bó ṣe ń kojú àwọn sọ́jà, wọ́n ń tì í mọ́lé, ó ń jáde, ó tún ń pe ẹjọ́. Èmi, ohun tí mo máa ń kí i fún jù ni Nigerian Weekly Law Reports, ìwé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tó ń kó ìdájọ́ kóòtù jọ, tó dá sílẹ̀ lọ́dún 1985. Ó jọ nǹkan gbẹ, àbí? Ṣùgbọ́n tí o bá jẹ́ lóòyà tí kò lówó ní ibi tó jìnnà, tí o ò mọ ohun tí kóòtù tó ga jù sọ ní oṣù tó kọjá, báwo lo ṣe fẹ́ gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀?

Kapila Hingorani, lóòyà kan ní Íńdíà, inú ìwé ìròyìn ló ti rí iṣẹ́ tiẹ̀. Ó ka àpilẹ̀kọ nípa àwọn tí wọ́n tì mọ́lé ní ìpínlẹ̀ Bihar láìdájọ́, àwọn kan ti pẹ́ níbẹ̀ ju ẹ̀wọ̀n tí òfin lè fún wọn lọ ká ní wọ́n tiẹ̀ jẹ̀bi. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ oníbàárà ẹ̀. Ó gbé àpilẹ̀kọ yẹn lọ kóòtù tó ga jù, lọ́dún 1979 kóòtù ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀, wọ́n sì ní ìdájọ́ kíákíá jẹ́ ẹ̀tọ́ èèyàn. Àwa náà ń ka ìwé ìròyìn láràárọ̀ o, a ń mí kanlẹ̀, a ń ṣí ojú ewé bọ́ọ̀lù.

Ní ti iṣẹ́ ọ̀fẹ́, mo mọ̀ pé wọ́n ń jiyàn lórí ẹ̀. New York ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ di lóòyà níbẹ̀ ti ṣe wákàtí 50 lọ́fẹ̀ẹ́, látọdún 2015. Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́ bí ẹni ń jẹ kíníní: wọn ò ka fáìlì, wọ́n dé kóòtù wọ́n ń wá orúkọ oníbàárà. Tí o bá máa ṣe tálákà báyẹn, gbowó lọ́wọ́ olówó kí o jẹ́ kí ẹlòmíì tó ráyè bá a ṣe é.

Ti lẹ́tà wa yẹn, èmi ni mo tún un kọ níkẹyìn. Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má rẹ́rìn-ín, ojú ìwé kan péré ni o. Ọmọ kan wà tó ń bá wa tẹ̀wé, kò ka òfin, mo ń kà á sí i létí ní ìlà kọ̀ọ̀kan, tó bá ti ní "Ẹ̀gbọ́n, kí nìyẹn?" mo ń pa ìlà yẹn rẹ́. Ó bi mí ní ti forthwith, mo kọ "kíákíá" sí i. Ó ní kíákíá mélòó? Mo kọ déètì sí i. Ọjọ́ mẹ́rìnlá tó wà nísàlẹ̀, mo gbé e sí ìlà kejì, a sì kọ àdírẹ́sì lóòyà ọ̀fẹ́ sí abẹ́ ẹ̀.

Mo gbé e lọ fún ọ̀gá. Ó kà á, ó yí i sẹ́yìn bóyá nǹkan kan wà lẹ́yìn ẹ̀. Ó ní "Ó ti kúrú jù. Oníbàárà á sọ pé a ò ṣiṣẹ́." Mo ní tí wọ́n bá bèèrè, mà, ẹ ní èmi ni.